Orí Kẹfà: Bí Àǹkóò Tuntun Bá Ń Bọ̀

Oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ni ilé-iṣẹ́ Blizzard máa ń ṣí sáà tuntun nínú World of Warcraft, àǹkóò tuntun fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń bá sáà náà wọlé. Ìkéde rẹ̀ máa ń ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìkéde tó ṣú, ẹni tó ń lo mage á ti máa sọ pé wọ́n ti ba tòun jẹ́, ẹni tó ń lo paladin á ti máa yọ̀ bí ẹni tó jogún. Àwọn mìíràn á pa akọni tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ tọ́ tì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni orí yìí wà fún, láti ọjọ́ ìkéde títí di ọjọ́ tí ẹ bá wọ aṣọ náà pé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú ìkéde á yí, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ẹ̀bùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í tètè yí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ka iye rẹ̀.

Kí ni àǹkóò yìí?

Tier set ni àwọn tó ń gbá géèmù náà ń pè é. Mo pè é ní àǹkóò torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: gbogbo ẹni tó wà ní kíláàsì kan ló ń wọ irú rẹ̀, ẹni tó bá sì rí wọn lókèèrè á mọ agbo tí wọ́n ti wá. Ohun márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: àṣíborí, ti èjìká, ìgbàyà, ìbọ̀wọ́ àti ṣòkòtò. Bí ẹ bá wọ 2 nínú wọn, ẹ̀bùn kìíní á ṣí. Bí ẹ bá wọ 4, ẹ̀bùn kejì á kún un. Kò sí ẹ̀bùn fún ìkarùn-ún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà àwọn tó ti pẹ́ nínú géèmù yìí ní ẹ̀kọ́ nínú, ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni géèmù náà jáde. Ohun 8 ni àǹkóò ìgbà náà ní, inú Molten Core, ibi ìjà ẹgbẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní raid, ni wọ́n sì ti ń wá èyí àkọ́kọ́. Nígbà tí Burning Crusade, ìyẹn ìpín tuntun géèmù náà, dé ní 2007, ó di ohun 5, ẹ̀bùn sì wà ní 2 àti ní 4, ìlànà tí a ṣì ń bá yí lónìí. Ní 2018, Battle for Azeroth gbé e kúrò pátápátá. Oṣù Kejì ọdún 2022 ló padà, nínú àtúnṣe 9.2 ti Shadowlands. Nínú èyí tó padà yìí, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì ló ní ẹ̀bùn tirẹ̀: aṣọ kan náà ni druid tó ń wo ọgbẹ́ àti druid tó ń jà bí ológbò ń wọ̀, àmọ́ ohun tí aṣọ náà ń ṣe lára wọn yàtọ̀. Ní 2024, ní sáà kẹrin Dragonflight, àwọn tó ń gbá géèmù ló dìbò yan èyí tí wọ́n fẹ́ kó padà nínú ẹ̀bùn sáà mẹ́ta tó ti kọjá. Ní 2025, nínú àtúnṣe 11.2 ti The War Within, wọ́n so ẹ̀bùn mọ́ hero talent tí oníkálukú bá yàn.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé aṣọ sáà ni àǹkóò. Sáà á kọjá, wọ́n á dá òmíràn. Ohun tí kì í bá sáà lọ ni bí ọwọ́ yín ṣe mọ akọni tí ẹ ń lò. Ẹ má ṣe fi èyí tó ń dúró ra èyí tó ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú ẹ̀bùn tó jẹ́

Ẹ̀bùn pọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ mẹ́ta ni mo máa ń pín wọn sí.

Ẹ̀bùn àfikún ni àkọ́kọ́. Ó ń fi agbára kún ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní Fireball yín á fi ìdá 10 nínú 100 lágbára sí i, ìka yín ò ní kọ́ nǹkan tuntun. Irú ẹ̀bùn yìí ló rọrùn jù fún àwọn tó ṣe géèmù láti bù kún tàbí bù kù, torí náà ẹ má sunkún lórí rẹ̀, ẹ má sì jó.

Ẹ̀bùn oríire ni èkejì. Ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Netherwind, àǹkóò mage ti 2005, ní ọ̀kan tó lókìkí: ẹni tó bá wọ 8 rẹ̀, tó sì ju Fireball, Frostbolt tàbí Arcane Missiles, ní ìdá 10 nínú 100 àǹfààní pé iṣẹ́ tó tẹ̀lé e á jáde lójú ẹsẹ̀, láìdúró. Nínú ìjà gígùn, ó ń san. Nínú ìjà kúkúrú, ó lè má yọjú rárá. Ẹ bi ara yín pé: bí ó bá dé ní ìgbà tí n kò retí, ǹjẹ́ ojú mi á rí i, ǹjẹ́ ọwọ́ mi á tètè lò ó?

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀bùn tó ń yí ìlù padà. Ó lè jẹ́ kí iṣẹ́ tí ẹ máa ń dúró dè tètè padà, tàbí kí iṣẹ́ tí ẹ ti pa tì di òpó ìjà yín. Bí ìlù bá yí, ijó gbọ́dọ̀ yí. Èyí ni kí ẹ fún ní àkókò jù, torí pé kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ bá dín kù, ìlù ṣì ti yí, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́ ijó náà.

Àpẹẹrẹ kan á fi hàn bí iye ṣe lè tan ojú jẹ. Stormrage ni àǹkóò druid ti 2005. Ẹ̀bùn 8 rẹ̀ fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 kún Rejuvenation. Ẹni tó bá wo 3 yẹn nìkan á ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni Rejuvenation máa ń wà lára èèyàn nígbà náà, ìṣẹ́jú-àáyá 3-3 ló sì ń wo ọgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lápapọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 3 tó kún un sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mana tí wọ́n ń ná sórí rẹ̀ ò sì lé. Ìwòsàn fi ìdá 25 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ka iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò ó lórí ìjà tiyín

Ẹ̀bùn máa ń tóbi nínú ìkéde ju bó ṣe tóbi nínú ìjà lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní wọ́n ní iṣẹ́ kan á fi ìdá 15 nínú 100 lágbára sí i. Ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ ìjà yín lórí Warcraft Logs, kí ẹ rí ìpín tí iṣẹ́ yẹn ń kó nínú gbogbo ìpalára tí ẹ ń ṣe. Bó bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, ẹ sọ 15 di ìlọ́po 20, kí ẹ pín in sí 100: 3 ni. Ìdá 3 nínú 100 ni ẹ̀bùn náà máa fi kún agbára yín, kì í ṣe 15.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ tún ṣírò ohun tí ẹ máa sọnù. Àǹkóò tó wà lára yín báyìí ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá ń fún yín ní ìdá 2, tí tuntun á fún yín ní 3, ìdá 1 péré ni èrè ẹ̀bùn. Ìyókù èrè yín á wá láti item level, ìyẹn ìpele agbára aṣọ fúnra rẹ̀, gbogbo kíláàsì ló sì ń jẹ èyí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni èèyàn ń pa kíláàsì rẹ̀ tì nítorí ìdá 1 tí kò ṣírò!

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fún àwọn tó ń rán an láyè

Kí àǹkóò tó dé orí sáfà gidi, ó máa ń wà lórí sáfà ìdánwò tí wọ́n ń pè ní PTR. Ẹni tó bá ti ń san owó géèmù lè wọ ibẹ̀. Ẹ wo PTR bí ṣọ́ọ̀bù télọ̀: wọ́n ti gé aṣọ, wọ́n ti fi òwú dì í mú, àmọ́ wọn ò tíì rán an parí. Ẹ lè wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ mọ ibi tó fún yín. Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ síbi ìnáwó.

Bí ẹ bá wọ PTR, ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe níbẹ̀. Ẹ dúró níwájú ère ìdánrawò tó wà nínú ìlú ńlá, kí ẹ lù ú fún ìṣẹ́jú 5 láìdúró. Ẹ tún un ṣe níwájú ère púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ẹ̀bùn tó dára fún ọ̀tá kan lè má dára fún ọ̀tá mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ja dungeon kan pẹ̀lú èèyàn. Kì í ṣe nọ́ńbà ni kí ẹ mú bọ̀. Ẹ mú ìdáhùn bọ̀: ṣé ọwọ́ mi gbà á, ṣé mo gbádùn rẹ̀, kí ló ń já mọ́ mi lọ́wọ́?

Àtúnṣe kì í parí lọ́jọ́ tí sáà bá ṣí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, ẹ máa retí kí wọ́n tún àwọn nọ́ńbà fà sókè tàbí sílẹ̀. Ọjọ́ ìtúnbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni èyí sábà máa ń wọlé: Tuesday fún àwọn ará wa tó wà lórí sáfà Amẹ́ríkà, Wednesday fún àwọn tó wà lórí sáfà Yúróòpù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín jà á

Ètò kan wà tó ń jẹ́ SimulationCraft. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó máa ń gba aṣọ, ohun ìjà àti talent akọni yín, á sì ja ìjà kan náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kó tó sọ agbára tó ń jáde ní ìpíndọ́gba. Raidbots ń lo ètò yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà alágbára. Ẹ fi addon Simulationcraft sínú géèmù, ẹ tẹ /simc, ẹ da ọ̀rọ̀ tó bá jáde kọ, kí ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Raidbots.

Ẹ mọ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ mọ. Ìjà tí wọ́n sábà fi ń ṣe ìdánwò ń jẹ́ Patchwerk, orúkọ ọ̀gá kan nínú Naxxramas. Ọ̀tá kan ṣoṣo ni, ó dúró sójú kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní sá fún iná. Ìjà gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀ ẹ́, kì í wo ẹ̀yìn, kì í ṣi bọ́tìnì tẹ̀. Ẹ̀bùn tó ń béèrè pé kí ẹ dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 lè ga lórí Raidbots, kó sì já yín kulẹ̀ níwájú ọ̀gá tó ń lé yín kiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni healer, ìyẹn ẹni tó ń wo ọgbẹ́, kò gbọdọ̀ gbára lé e: ìwòsàn wà lọ́wọ́ ìpalára tó bá dé, kọ̀ǹpútà kò sì mọ ẹni tó máa ṣìṣe nínú ẹgbẹ́ yín.

Ohun kan tún wà fún àwọn tó ń gbá géèmù yìí láti Èkó, Ìbàdàn tàbí Kútọnu. Kò sí sáfà World of Warcraft nílẹ̀ Áfíríkà, nítorí náà gbogbo bọ́tìnì tí ẹ bá tẹ̀ ló ń gba abẹ́ òkun lọ kó tó padà. Bí ẹ̀bùn kan bá ń ṣí fún ìgbà díẹ̀ péré kó tó pa dé, apá kan nínú rẹ̀ á ṣòfò lọ́nà. Bí talent méjì bá súnmọ́ra lórí Raidbots, ẹ yan èyí tí kò kánjú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ to bí ẹ ṣe máa kó o jọ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àǹkóò ń gbà wọlé.

Àkọ́kọ́ ni àwọn ọ̀gá inú raid. Wọ́n ń já àmì sílẹ̀ tí ẹ máa fi pààrọ̀ aṣọ, àwọn kíláàsì mélòó kan ló sì ń pín irú àmì kan. Bó ṣe rí nínú The War Within nìyí: Dreadful jẹ́ ti death knight, demon hunter àti warlock. Mystic jẹ́ ti druid, hunter àti mage. Venerated jẹ́ ti paladin, priest àti shaman. Zenith jẹ́ ti evoker, monk, rogue àti warrior. Kí sáà tó ṣí, ẹ ka iye ẹni tí ẹ jọ ń pín àmì kan nínú ẹgbẹ́ yín. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ má fi raid nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ìkejì ni Great Vault, àpótí tó ń ṣí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè fi ohun tó tó 9 hàn yín, ẹ ó mú 1. Dungeon Mythic+ 1, 4 àti 8 ló ń ṣí àyè mẹ́ta tó wà ní ìlà rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, ẹ sa gbogbo ipá yín kí àyè pọ̀ nínú àpótí, torí pé bí àyè ṣe ń pọ̀ ni ìrètí àǹkóò ń pọ̀.

Ìkẹta ni Catalyst. Ó ń sọ aṣọ lásán tó jẹ́ ti sáà náà di àǹkóò, ìpele agbára rẹ̀ kò sì ní yẹ̀. Ìwọ̀nba ni àǹfààní rẹ̀ láti sáà dé sáà, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọlé. Ẹ má fi ṣòfò lórí aṣọ tí ẹ máa jù nù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìkarùn-ún tí kò ní ẹ̀bùn. Ẹ ò nílò ju 4 lọ, nítorí náà àyè 1 ṣí sílẹ̀ fún aṣọ tó bá dára jù, ìbáà má jẹ́ àǹkóò. Ẹ má tètè pinnu èwo ni yóò jẹ́. Ẹni tó bá rí ìbọ̀wọ́ rere gbà lọ́wọ́ ọ̀gá kan á fi àyè náà sí ìbọ̀wọ́. Ẹni tó bá rí àṣíborí á fi sórí.

Bákan náà, àyè márùn-ún yẹn ni àǹkóò àtijọ́ àti tuntun jọ ń dù. Ẹ lè wọ 4 àtijọ́. Ẹ lè wọ 2 àtijọ́ pẹ̀lú 2 tuntun. Ẹ ò lè wọ 4 àtijọ́ pẹ̀lú 2 tuntun, torí pé 6 ò lè wọ inú 5. Nítorí náà, bí aṣọ tuntun àkọ́kọ́ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, tó sì bọ́ sí àyè karùn-ún, ẹ lè wọ̀ ọ́ láìba ẹ̀bùn kankan jẹ́. Èkejì ló ń béèrè ìpinnu. Nígbà náà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú Top Gear lórí Raidbots, kó fi hàn yín bóyá 2 pẹ̀lú 2 sàn ju 4 àtijọ́ lọ. Títí ẹ ó fi rí ìdáhùn, ẹ má ta èyí tó wà nílẹ̀. Òjò tó ṣú kò tíì rọ̀, ẹ má da omi inú àmù nù.

Bí ẹ bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́

Ìpín àmì máa ń tú ẹgbẹ́ ká ju ọ̀gá tó le lọ. Ẹ fẹnu kò lórí ìlànà kí sáà tó ṣí, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Èyí tí mo rí tó dára jù ni pé kí àmì kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fi pé 2 tàbí 4, kó tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn fẹ́ fi kún ìpele agbára. Ẹni tó wà ní 3 tó gba ìkẹrin ti ṣí ẹ̀bùn kan. Ẹni tó wà ní 4 tó gba ìkarùn-ún kò ṣí nǹkan kan.

Ẹ má sì fi dandan mú ẹnikẹ́ni pààrọ̀ kíláàsì torí ìkéde PTR. Bí ẹ bá ní kí ó pààrọ̀, tí nọ́ńbà sì yí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yin lẹ máa jíhìn fún gbogbo alẹ́ tó ti lò.

Ṣé kí n pààrọ̀ akọni mi?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù, mo sì ti jìyà ìdáhùn rẹ̀. Sáà kan wà tí mo pa druid mi tì torí ìkéde kan ṣoṣo. Mo ti ń fi druid náà wo ọgbẹ́ fún ọdún mẹ́rin, mo sì mọ ìgbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣubú kó tó ṣubú. Mo lọ tọ́ mage, mo kó aṣọ jọ fún un, mo fi oṣù kan kọ́ ọ. Kí sáà tó dé ìdajì, nọ́ńbà ti yí, mage mi kò ju àwọn yòókù lọ mọ́. Ohun tó dùn mí kọ́ nìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé ní alẹ́ ìjà kan tó le, tí èèyàn mẹ́ta jọ ń kú lọ, mo mọ ohun tí druid mi ìbá ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, mage mi kò sì ní in lọ́wọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ lè pààrọ̀ bí ẹ̀bùn tuntun bá yí ìlù padà dé ibi tí ẹ ò gbádùn ijó rẹ̀ mọ́, tí ẹ ti wọ̀ ọ́ wò lórí PTR, tí ẹ sì ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí sáfà gidi. Ẹ má pààrọ̀ torí iye. Bí ẹ bá fẹ́ ní akọni kejì, ó dára, ẹ tọ́ ọ ní ìrọ̀rùn ní ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ má pa àkọ́kọ́ láti fi bọ́ ọ.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ dáhùn àwọn wọ̀nyí

1. Irú ẹ̀bùn wo ni: àfikún, oríire, tàbí èyí tó ń yí ìlù?
2. Ìdá mélòó nínú 100 ló máa fi kún gbogbo agbára mi, lẹ́yìn tí mo bá ti yọ ohun tí mo máa sọnù?
3. Ṣé mo ti wọ̀ ọ́ wò fúnra mi, àbí ẹnu ayé ni mo gbọ́ ọ?
4. Mélòó la jẹ́ tí a jọ ń pín àmì, mélòó ni mo sì lè rí nínú àpótí àti Catalyst ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́?
5. Ìgbà wo ni màá tú 4 àtijọ́?
6. Bí nọ́ńbà bá já sí ìdajì lọ́la, ṣé màá ṣì fẹ́ lo akọni yìí?

Bí ìdáhùn sí ìkẹfà bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa kó aṣọ yín jọ láìfòyà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dúró fún ìtúnbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún ìbéèrè náà bi ara yín.